Kì í Ṣe Èmi Lẹni Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ìtẹ̀lé, Ọ̀tà

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún di ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọlọ́run tó ṣí ilẹ̀kùn náà fún ọ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lẹ́nu ọ̀nà. Ara mi le, orúnkún nìkan ni kò fẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pè mí ní ìyá olùkọ́ yunifásítì, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé wa.

O ó rí i pé lẹ́tà yìí gùn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń sọ lórí fóònù. Jọ̀ọ́, jókòó kà á tán. Má ṣe dé àárín kí o pè mí. Tí o bá kà á dé ìparí, nígbà náà ni kí o pè, bó bá wù ọ́ láti pè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún iṣẹ́ yìí, o pè mí kí o tó kúrò nínú ọgbà wọn. Ayọ̀ wà lóhùn rẹ. O ní àwọn márùn-ún ló jókòó níwájú rẹ, pé wọ́n bi ọ́ nípa ìdí tí o fi fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà. O ní ìtàn mi lo sọ fún wọn: bí ìyá rẹ ṣe kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé irọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Sángo, tí wọ́n sì torí rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́. O ní alága wọn dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun ka orí tí ìtàn náà wà nínú ìwé mi nígbà tí òun ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fún ọ níṣẹ́, wọ́n sì ní kí o fi orí yẹn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Mo pa fóònù. Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná.

Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe èmi lẹni tó kọ̀. Èmi fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ̀, tí wọ́n sì lé, Ràfátù lorúkọ rẹ̀. O ò gbọ́ orúkọ náà rí, nítorí pé mi ò pè é rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Bàbá rẹ kú láì mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìkìrun ni mo ti wá sí Ọ̀tà lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bá mi wáṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Sángo tí wọ́n ti ń di mílíìkì sínú agolo. Àwa mẹ́fà la wà nídìí yíyẹ ọjà wò. Nínú agolo mẹ́wàá, à ń mú ẹyọ kan, à ń tẹ ìdérí rẹ̀, à ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó dé dáadáa. Ràfátù ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọmọ bíbí Àtàn-Ọ̀tà ni, ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sèlí. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òun ló bá mi wá yàrá. Òun ló ń bu oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sí méjì fún mi kí n tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ.

Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń de ìdérí agolo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọjà ti pọ̀, ọkọ̀ ń dúró, wọ́n bá kó àwa tí à ń yẹ ọjà wò lọ síbi tí wọ́n ti ń di páálí. Ọjọ́ méjì gbáko la lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ agolo kankan wò. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá tó ń darí wa gbé ìwé wá, ó ní ká fọwọ́ sí i pé a ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, pé ó dára. Kò pariwo mọ́ wa. Ó ní ìwé lásán ni, pé àwọn ará òkè ló ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá yìí ló sì máa kọ ọ́. Mo mú bírò. Mo ro ti àwọn ọmọ tó máa mu mílíìkì náà, mo ro ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo tún padà ro ti àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà mo fọwọ́ sí i. Àwọn mẹ́rin yòókù fọwọ́ sí i. Ó wá ku Ràfátù.

Ràfátù gbé ìwé náà padà sórí tábìlì. Ó ní, "Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, pé tó bá dára, òun á fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní kò sáyè fún ìyẹn. Ràfátù ní ó dáa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, wọ́n ní kó má wá mọ́. Bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Èmi ní tèmi gba ìwé ẹ̀rí ìwà. Ọ̀gá kọ ọ́ dáadáa, ó ní ọmọ tó ṣe é fọkàn tán ni mí. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni mu mílíìkì yẹn tó ṣàìsàn. Mi ò wádìí.

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tóbi, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́, ebi sì ń bẹ nílé wa. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá má kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀kejì ló burú jù.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá àgbà kan wà tó ń kọ́ wa nípa ẹ̀rí ọkàn. Lọ́jọ́ kan ó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ti jìyà rí nítorí òtítọ́. Mo nawọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, ìtàn ẹ̀gbọ́n Ràfátù ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu báyìí, "mo" ló jáde. Mo ní mo gbé ìwé náà padà sórí tábìlì. Mo ní wọ́n lé mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, bàbá náà ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún mi níwájú gbogbo wọn. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Mo sọ fún ara mi pé tó bá dọ̀la, màá lọ bá bàbá náà, màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀la yẹn kò dé títí wọ́n fi gbé bàbá náà sin.

Torí náà, gba èyí gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, ọmọ mi. Bí o bá dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí o sì fẹ́ fi "mo" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìwọ ni lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í yẹ olùkọ́ tó fẹ́ràn wò. Ohun tí o bá sọ ni wọ́n á gbé lọ sílé. Bó bá jẹ́ pé o ṣì í sọ, ọjọ́ yẹn náà ni kí o tún un ṣe, kí kíláàsì tó tú ká, bí ojú tilẹ̀ tì ọ́ débi pé o fẹ́ wọlẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Èyí tí mo sá fún nìyẹn, ó sì ti gba ọjọ́ ayé mi.

Èkejì. Àwọn olùkọ́ mìíràn ti sọ fún ìwọ náà pé àwa kì í dúró síbì kan, pé ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ẹ̀kọ́ nípa ìwà àti lítíréṣọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Àdán ni wọ́n ń pè mí nínú ọ́fíìsì wọn, kò ṣeku kò ṣẹyẹ. Má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń di ẹni rere gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbàdúrà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ronú, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń pìtàn. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀. Kọjá níbi tí o bá fẹ́ kọjá.

Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá ńṣe lò ń lọ tàbí ńṣe lò ń sá. Lọ́dún tí mo parí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, alákòóso pè mí sí ọ́fíìsì. Fáìlì mi wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ìtàn mi, ó wú òun lórí, pé wọ́n fẹ́ kí n dúró máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó wá fi ọwọ́ kan ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọ̀gá mi kọ. Ó bi mí, láìsí ìbínú rárá, bó ṣe jẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó lé mi tún yìn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo purọ́ pé ẹ̀rí ọkàn ló da ọ̀gá náà láàmú. Ó wò mí, ó ní ó dáa, ó pa fáìlì dé. Kí oṣù méjì tó pé, mo ti wọlé sí yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà. Gbogbo ayé ní òùngbẹ ìmọ̀ ló ń gbẹ mí. Ó ń gbẹ mí lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ojú alákòóso yẹn ni mo kọ́kọ́ sá fún.

Níbi ẹ̀kọ́ ìwà, mo kọ àpilẹ̀kọ ńlá tí mo fi gboyè lé ìtàn náà lórí. Orí kẹta. Mo ṣàlàyé bí ìwà rere ṣe ń di bárakú lára èèyàn, mo sì fi "ara mi" ṣe àpẹẹrẹ. Mo kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án lórí ìjàkadì tó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ náà kó tó gbé ìwé padà. Àwọn olùyẹ̀wò yìn ín. Nígbà tí mo wá bọ́ sí lítíréṣọ̀, ó tún burú sí i, torí mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìtàn dùn. Mo fi òjò sí i. Òjò kankan kò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀gá máa gbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ àpilẹ̀kọ náà di ìwé tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, òun sì ló sọ mí di ẹni tí wọ́n mọ̀.

Mo fẹ́ kí o kíyè sí nǹkan kan níbí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní ìwà, mi ò pẹ́ dé kíláàsì. Mi ò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò yí máàkì ẹnikẹ́ni padà, àní nígbà tí ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ sí mi nípa ọmọ rẹ̀. Èèyàn lè máa ṣe dáadáa ní yàrá mẹ́sàn-án kó má ṣí ẹ̀kẹwàá. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nítorí náà, má fi iye ohun rere tí ò ń ṣe wọn ara rẹ. Ilẹ̀kùn tó o tì ni kí o lọ yẹ̀ wò.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Ràfátù.

Lẹ́yìn tí o pè mí, mo fi ọjọ́ mẹ́ta rìn káàkiri inú ilé. Ohùn kan ń sọ pé kí n fi í sílẹ̀, pé ta ló máa mọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi kò ní dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ fi irọ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wọ bàtà. Mo wọkọ̀ dé Ọ̀tà, mo tún wọ òmíràn ní ọ̀nà Ìdíròkò, mo sọ̀ ní Àtàn. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilé Akínwándé, torí orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan tó ń ta ìrèké ní kí n gba ọ̀nà oko, pé màá gbọ́ òórùn gaàrí kí n tó dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó jókòó lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú rẹ̀, ó ń bó o. Irun rẹ̀ ti funfun pátá. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ Ìkìrun."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó bi mí léèrè àlàáfíà ilé, ó bi mí léèrè ọmọ, ó ní òun gbọ́ pé mo di olùkọ́ ńlá. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ sọ. Mo sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀: kọ́lẹ́ẹ̀jì, àpilẹ̀kọ, ìwé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Èmi pẹ́. Kò sọ fún mi pé kí n dìde. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán tí mo bẹ̀ ẹ́, ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó na ọ̀bẹ kan sí mi, ó ní kí n wá ibi jókòó sí kí n bá òun bó o.

A bó o fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wà nínú báàgì mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo bá ń ka orí kẹta sókè, mò ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dé ibi òjò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí mo dé ojú ìwé mẹ́sàn-án tó kún fún ìjàkadì ọkàn, ó dá mi dúró.

Ó ní, "Ta ló ń ronú gbogbo eléyìí?"

Mo ní ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn bí mo ṣe rò pé ó rí lọ́kàn yín. Ó ní òun ò ronú kankan. Ó ní, "Mi ò yẹ àwọn agolo yẹn wò. Kí ni mo fẹ́ ronú sí?"

Àbẹ̀kẹ́, mo ti ka ìwé lórí ìwà láti ìgbà èwe mi, ìdáhùn yẹn sì kọjá gbogbo rẹ̀. Ìjàkadì tí mo kọ síbẹ̀, tí wọ́n torí rẹ̀ fún mi ní oyè, èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé ni mo jà á. Ẹni tó kọ̀ kò jà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀ tó débi tí ìjà fi máa rí àyè wọ àárín wọn. Mo gba ìwà rẹ̀, mo wọ̀ ọ́ sọ́rùn, kò bá mi mu, mo wá fi ẹ̀rù ara mi rán an kó lè bá mi mu.

Mo kà á síwájú. Mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ìwà rere ni èrè ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó wá sọ fún mi ohun tí mi ò béèrè rí. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e, kò ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kankan ní Sángo mọ́, torí àwọn ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ó dé Àgbàrá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá a padà. Ọkọ rẹ̀ ní ó fi agídí ba ilé òun jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó padà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Àtàn. Sèlí mọ̀wé, ó máa ń ṣe ipò kejì, ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò sówó, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ó ń ránṣọ ní Àgbàrá di òní. Ràfátù kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá tún gbé ìwé yẹn wá lónìí, òun kò ní fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún òun pé òun gba èrè.

Fi èyí sí ọkàn rẹ bí o ṣe ń wọ iṣẹ́ yìí. Gbólóhùn tó dùn létí yóò máa wá bá ọ, pàápàá ní ẹ̀ka wa yìí. Kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀, wá ẹni tó san owó rẹ̀, kí o kà á sí i létí. Bí kò bá lè jókòó gbọ́ ọ tán, fa igi lé e. Mo ti kọ́ àìmọye ọmọ pé ìwà rere ni èrè ara rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ fún mi nínú ìdánwò, mo fún wọn ní máàkì. Sèlí ló san án.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta àti ìkẹrin. Ọjọ́bọ̀ ló yàn fún mi, nítorí ọjọ́ náà ni ẹ̀gẹ́ ń ti oko dé. A tún orí kẹta kọ, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Èmi ń kà, òun ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Òjò jáde. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n padà sára mi. Ojú ìwé mẹ́sàn-án di ìlà méjì. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ mìíràn bò ó láṣìírí, gẹ́gẹ́ bí àwa olùkọ́ ti máa ń ṣe. Ó kọ̀. Ó ní, "Kọ orúkọ mi síbẹ̀. Kọ ti bàbá mi náà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́: Ràfátù Akínwándé, ti Àtàn-Ọ̀tà.

Àwọn ìmọ̀ràn kéékèèké wà tí mi ò fẹ́ gbàgbé. Gbé ilé tó sún mọ́ ọgbà yunifásítì, kódà bó kéré. Jẹun kí o tó wọ kíláàsì, torí ebi ń sọ olùkọ́ di òǹrorò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìtàn ilé wọn wá bá ọ, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tìrẹ. Tí o bá fẹ́ lò ó, tọrọ rẹ̀, tó bá sì kọ̀, pa ẹnu mọ́. Má fi iṣẹ́ sọ ara rẹ di ẹni tí kò níbi tó ń lọ sí. Ní ọ̀rẹ́ kan tí kò ka ìwé rẹ rí, tó lè bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Mo ní irú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ nù.

Báyìí, ohun tó kù láti ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo kọ̀wé sí ẹ̀ka tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo fi orí tí a tún kọ há a. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gba oyè náà padà, kí wọ́n gbà á. Mo kọ sí àwọn tó tẹ ìwé náà pẹ̀lú. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, nítorí náà má pè mí láti bẹ̀ mí pé kí n dá a dúró. Ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì wà nínú àpòòwé yìí, pẹ̀lú orí tuntun náà.

Tìrẹ ló kù. O sọ irọ́ fún àwọn márùn-ún wọ̀nyẹn láì mọ̀. Láti ìgbà tí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, o ti mọ̀. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lọ bá alága náà, kí o gbé orí tuntun yìí fún un, kí o sì sọ ẹni tó jẹ́ ẹlẹ́bi. Èmi ni, kì í ṣe ìwọ. Má wá àwáwí fún mi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wò ọ́ bí ọmọ èké. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn kò ní gbà á, torí mo ti rí ohun tí òtítọ́ ń ná èèyàn. Bí wọ́n bá gbà á, yàrá rẹ wà nílé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ Ajé bá ọ láì tíì lọ.

Bí inú bá ń bí ọ sí mi, o ní ẹ̀tọ́. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kó tètè rọ̀. Ràfátù pàápàá kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì ní bi í. Gbogbo ohun tó sọ nígbà tí mò ń lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni pé kí n mú ọ̀bẹ tèmi dání lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí tòun ò mú mọ́.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló máa kọ́ni ní orí náà bí wọ́n bá gbà á láyè, mo sì bi í bóyá ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí ọ. Ó gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lórí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un kó má pè mí ní ẹni rere níwájú àwọn ọmọ yẹn. Kó ṣáà sọ ohun tí mo ṣe, àti ohun tó bá mi."

Kí Ọlọ́run fún ọ lókun, Àbẹ̀kẹ́. Lọ sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mojísọ́lá